Ewúrẹ́ Tí A Ti Tà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Mo mọ̀ pé ẹ kò mọ̀wé kà. Nígbà tí ẹ wà láyé, èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà fún yín, èmi náà ni mo máa ń kọ èsì. Ẹ ó jókòó tì mí, ẹ ó máa wo ẹnu bírò bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tó ń gbin àgbàdo, kó má baà fo poro. Ta ni yóò wá ka èyí fún yín? Mo ti pinnu pé tí mo bá kọ ọ́ tán, màá gbé àga lọ sẹ́yìn ilé, sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a sin yín sí, màá sì kà á sókè. Bí àwọn aládùúgbò bá gbọ́, kí wọ́n gbọ́. Wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ mi tẹ́lẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ilé yín ṣì dúró. Mo pààrọ̀ páànù tó ń jò lókè yàrá yín. Èmi nìkan ló kù níbẹ̀ báyìí. Rùkáyá, ọmọ mi kan ṣoṣo tí ẹ máa ń gbé sí èjìká lọ sóko, ti di tíṣà ní Cotonou. Ó ń pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́, ó sì máa ń yára, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ìkòkò tó kéré jù lọ nínú ilé ni mo fi ń se ọbẹ̀, síbẹ̀ ó máa ń ṣẹ́ kù di ọjọ́ kejì. Ó ń ṣe mí bákan, Bàbá. Ọjọ́ mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ kankan kò ní jáde lẹ́nu mi títí oòrùn yóò fi mú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni pé orúnkún ti dé. Orúnkún yín ni, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ó ti apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ bíi tiyín, ó sì ré kọjá sí òsì. Tí mo bá jí, ẹsẹ̀ méjèèjì a ti gan, mo gbọ́dọ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà láti dé ẹnu ọ̀nà. Tí mo bá ká wọn, wọ́n a dún bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ èèpo ẹ̀pà mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ rántí maṣíìnì ìránṣọ mi, èyí tí mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀? Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti fi aṣọ bò ó. Mo fi àdín pa orúnkún, mo fi omi gbígbóná jó o, mo mu àgbo títí ọ̀fun mi fi di kíkorò. Nígbà tó di pé mo ń rákò láti inú ilé ìwẹ̀, mo gbà pé ó tó.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn ní Pobè. Wọ́n ya fọ́tò eegun mi. Dókítà fi hàn mí pé ohun rírọ̀ tó wà láàrin eegun méjèèjì, tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn, ti ń jẹ lọ bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ jù. Kò ní padà hù, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Ó wá fà mí lé ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ tí kò tíì tó ọjọ́ orí Rùkáyá. Kìné ni wọ́n ń pè é. Kì í gún ènìyàn lábẹ́rẹ́, kì í fún ènìyàn lóògùn, nínà àti títẹ̀ àti rírìn ló fi ń tọ́jú ẹsẹ̀. Ará Porto-Novo ni, Gùn ni èdè ìyá rẹ̀, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta, ṣùgbọ́n ó ń dé ibi tó ń lọ.

Mo ti rò pé yóò ní kí n lọ sinmi ni. Mo ti ń múra ọpẹ́ sílẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní kí n jókòó sórí àga, kí n ká ọwọ́ méjèèjì láyà, kí n wá dìde láìdi nǹkan mú. Lẹ́yìn náà kí n tún jókòó. Kí n tún dìde. Mo wò ó bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé. Mo ní mo bí ẹni tó jù ú lọ. Ó rẹ́rìn-ín.

“Màmá, orúnkún tí kì í rìn, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ẹ dìde fún mi.”

Ó ṣàlàyé pé ẹran itan ló yẹ kó máa gbé ara, kí ẹrù má baà já lé eegun nìkan. Ẹran itan kì í sì í lágbára lórí ìjókòó. Ó ní omi kan wà nínú orúnkún fúnra rẹ̀, ìgbà tí a bá ń lò ó ni omi náà máa ń káàkiri. Irọ́ ni màá pa bí mo bá sọ pé mo rántí yín lọ́jọ́ náà. Ìrora ni mò ń rò, àti bí màá ṣe gun ọkọ̀ padà sílé.

Báyìí ni mo ṣe di ọmọ iléèwé lọ́jọ́ ogbó. Láàárọ̀, lẹ́yìn àsùbáà, màá ká aṣọ ìnura, màá fi sábẹ́ orúnkún, màá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, màá ka ení dé àrún kí n tó tú u. Màá di àpò yanrìn kékeré mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, màá na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ ta ẹlòmíràn nípàá. Màá wá dìde lórí àga nígbà mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mẹ́ta péré ni mo lè ṣe, omi sì ń bọ́ lójú mi. Àga yín ni mo ń lò, Bàbá. Òun nìkan ló ga tó.

Ṣùgbọ́n èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni rírìn. Kìné ní kí n máa rìn láràárọ̀. Kí n má gbé nǹkan kan lórí, kí n má yára, kí n kàn máa rìn lọ, kí n máa fi díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu ẹni tó dàgbà sí Porto-Novo. Ẹ sọ fún mi, ní Adja-Ouèrè yìí, ta ló ń rìn lásán? Ẹni tó gbé ọkọ́, oko ló ń lọ. Ẹni tó ru agbọ̀n, ọjà ló ń lọ. Ẹni tó mú abọ́ dání, ó ń lọ ra ẹ̀kọ. Àgbàlagbà obìnrin tí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́, tó rìn dé ìdí máńgòrò, tó sì tún yí padà sílé láìkí ẹnikẹ́ni ní pàtó, kí ni a ó pè é?

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ènìyàn mẹ́fà ló bi mí léèrè ibi tí mò ń lọ. Ọjọ́ kejì, sémíjàn mẹ́ta, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ló dúró, tí wọ́n ń nu ìjókòó alùpùpù wọn fún mi. Ojú tì mí. Ọjọ́ kẹrin, ọ̀kan nínú wọn pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dá mi lọ́nà. Ọmọ gidi ni, a kò lè bínú sí i.

“Ìyá, ẹ gùn ún, mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Irú yín kì í fẹsẹ̀ rìn bẹ́ẹ̀. Níbo lẹ ń lọ?”

Bàbá, n kò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹnu mi kàn là fúnra rẹ̀.

“Ewúrẹ́ kan ni mò ń wá.”

Ojú rẹ̀ walẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ewúrẹ́, ìyẹn yé e. Ó béèrè irú àwọ̀ tó ní. Mo ní dúdú ni, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan funfun. Ó ní òun yóò máa wò ó lọ́nà, ó sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Èmi dúró síbẹ̀, lójú ọ̀nà Oko-Akarè, ẹsẹ̀ mi kò lè lọ síwájú, kò sì lè padà sẹ́yìn. Nítorí n kò ní ewúrẹ́ kankan. Ewúrẹ́ yín ni mo ṣàpèjúwe fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà yín láàmú, èmi ni mo ní ẹ kò gbọdọ̀ lọ sóko mọ́. Èmi ni mo ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà kan àga alápá yìí. Mo gbé e sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ìrọ̀rí sí i, mo ní, Bàbá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ jókòó. Bí ẹ bá fẹ́ mu omi, èmi ni mo ń bù ú wá. Bí ẹ bá fẹ́ na ọwọ́ mú abẹ̀bẹ̀, èmi ni mo ń sáré mú un. Kódà ìrun, mo lọ bá àlùfáà pé ṣé ẹ kò lè máa fi ìjókòó kí i. Ó ní ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á, àyè wà fún un. Báyìí ni mo ṣe gba ìtẹríba yẹn náà lọ́wọ́ yín, ìkúnlẹ̀ tó kù fún yín lójoojúmọ́. Gbogbo àdúgbò ń yìn mí. Wọ́n ní ọmọ tó bá tọ́jú bàbá rẹ̀ báyìí, ọmọ tirẹ̀ náà yóò tọ́jú rẹ̀. Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́.

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà bá jókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní rí i. Kí wá ni ẹ rí lórí ìjókòó tiyín, Bàbá? Èmi tí mo gun orí igi, n kò rí nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú ẹlẹ́sẹ̀ funfun yẹn, a ti tà á fún ọkùnrin kan láti Tatonnonkon. Níṣojú yín ni a tà á. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ tú okùn lọ́rùn rẹ̀, ẹ ní ewúrẹ́ la tà, a kò ta okùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mú okùn yẹn lórí ìṣó ara ògiri láàárọ̀, tí ẹ bá ti mu ẹ̀kọ tán. Ẹ ó ní ewúrẹ́ kò tíì wọlé. Ẹ ó fi ọwọ́ ti ara yín dìde lórí àga, ẹ ó sì forí lé ọ̀nà Oko-Akarè, ní ṣísẹ̀ ní ṣísẹ̀. Mo rán yín létí pé a ti tà á. Ẹ ó mi orí. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ó tún mú okùn.

Mo sunkún, mo ní orí bàbá mi ti ń dàrú. Mo sọ fún àwọn aládùúgbò. Mo sọ fún àwọn sémíjàn pé ẹnikẹ́ni tó bá rí yín lọ́nà, kó gbé yín padà wá fún mi. Wọ́n sì ń gbé yín wá. Ẹ ó jókòó sẹ́yìn alùpùpù, okùn á wà lórí itan yín, ẹ kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ó gbá bàtà yín méjèèjì mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì, pá pá, bí ẹ ti máa ń ṣe nígbà tí ẹ bá ti oko dé, kí iyanrìn má baà wọlé. Nígbà náà, iyanrìn wo ló tilẹ̀ kù nínú wọn?

Nígbà tó sú mi, mo fi okùn yẹn pamọ́.

Mo ká a, mo fi sí ìsàlẹ̀ àpótí tí mo ń kó àgékù aṣọ sí. Lọ́jọ́ kejì ẹ dìde, ẹ na ọwọ́ sí ìṣó, ẹ kò bá nǹkan kan. Ẹ wò mí. Mo tẹ orí mọ́ maṣíìnì, mo ń rán aṣọ lọ. Ẹ padà lọ jókòó. Ẹ kò béèrè okùn náà lọ́wọ́ mi títí ẹ fi kú, ẹ kò sì dárúkọ ewúrẹ́ mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé orí yín ti padà sípò. Ẹsẹ̀ yín ń tín-ín-rín lọ lábẹ́ aṣọ, mo rò pé ọjọ́ orí ni. Ó di pé ẹ kò lè dá lọ sílé ìwẹ̀, mo rò pé ọjọ́ orí ni. Nígbà tí ikọ́ wá mú yín lórí ìdùbúlẹ̀, kò rí ẹni bá jà.

Lójú ọ̀nà yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Tàbí kí n ní ó jọ pé ó yé mi. Ṣé orí yín pé nígbà náà, Bàbá? Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn kò ní jẹ́ kí àgbàlagbà rìn lásán ní ìlú yìí, tí ẹ fi ń fi ewúrẹ́ bojú? Tàbí ẹ gbàgbé lóòótọ́, tí ẹ ń wá a lóòótọ́? Oko yín wà ní ọ̀nà Oko-Akarè. Mo ti yí i sọ́tùn-ún, mo ti yí i sósì, n kò rí ẹni tí màá bi. Kí ló dé tí ẹ kò sọ pé rírìn lẹ fẹ́ rìn? Mo mọ èsì ìyẹn ṣá. N kì bá tí gbà. Ẹ mọ irú ọmọ tí ẹ bí.

Mo padà sílé, mo da àpótí dé. Okùn ṣì wà níbẹ̀, eku ti jẹ ẹnu rẹ̀ kan. Mo gbé e kọ́ sórí ìṣó.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kù. Ẹnìkan pe Rùkáyá ní Cotonou pé màmá rẹ̀ ń rìn kiri ojú pópó, pé ó ń wá ewúrẹ́ tí kò ní. Ọmọ mi dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú àga tuntun kan, rírọ̀, irú èyí tí ènìyàn máa ń rì sínú rẹ̀. Ó ń rora bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí n bá òun lọ, pé òun ti tún yàrá kan ṣe fún mi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, n kò ní ṣe nǹkan kan, gbogbo nǹkan ni wọn yóò máa gbé wá bá mi. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Mo gbọ́ ohùn ara mi lẹ́nu rẹ̀. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, òun ló sì jẹ́ kó ṣòro láti kọ̀.

Mo ní kó jókòó. Mo gbé àga yín wá síwájú rẹ̀. Mo ká ọwọ́ láyà, mo dìde nígbà mẹ́wàá níṣojú rẹ̀, mo ń kà á sókè. Ní ẹ̀ẹ̀kẹjọ, orúnkún ké, mo ké pẹ̀lú rẹ̀, mo sì parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ fún un, títí dé orí okùn. N kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó kàn ń wo ìṣó lára ògiri. Mo rò pé mo ti pàdánù, pé Cotonou kù sí dẹ̀dẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo wọ bàtà mi láti lọ rìn. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó pè mí. Ó ti wé gèlè, ó sì na ọwọ́ sí mi.

“Màmá, ẹ gbàgbé okùn.”

Ó sìn mí dé ìdí máńgòrò, ó di ọwọ́ mi mú le jù, n kò sì bá a wí. Ní ọ̀sán, ó wọ ọkọ̀ padà lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Ó fi àga rírọ̀ yẹn sílẹ̀. Mo ń kó aṣọ tí mo bá ká lé e lórí.

Orúnkún ṣì ń dùn mí, kìné kò ṣèlérí pé kò ní dùn mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń dá dìde láìdi ògiri mú, mo sì ti ṣí aṣọ lórí maṣíìnì. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn sémíjàn kì í dá mi lọ́nà mọ́. Ìyá Ewúrẹ́ ni wọ́n ń pè mí, wọn a bi mí bóyá mo ti rí i, màá ní kò tíì wọlé, wọn a sì kọjá lọ. Ọ̀kan tó ti dàgbà nínú wọn sọ fún mi pé ìdí ọ̀pẹ mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá kékeré ni òun ti máa ń gbé yín padà, pé ẹ kò kọjá ibẹ̀ rí.

Lánàá, mo kọjá ibẹ̀, Bàbá. Mo rọra rìn, okùn wà lọ́wọ́ mi, mo dé ibi tí ènìyàn ti lè rí orí àwọn ọ̀pẹ oko yín lókèèrè. Mo dúró. Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá gbé mi padà. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn padà sílé, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo gbá bàtà mi méjèèjì mọ́ra, pá pá. Iyanrìn dà sílẹ̀. Mo tẹ́tí sínú ilé fún ìgbà díẹ̀, kí n tó wọlé.

Kí Ọlọ́run fi ẹsẹ̀ tó le fún yín níbi tí ẹ wà, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kí ẹ jókòó.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fi okùn pamọ́, tó sì ti gbé e kọ́ padà sórí ìṣó.